Kaobọ́ì Tó Túúbá ní Dùgbẹ̀

Ní Dùgbẹ̀ ayé àtijọ́, ní àwọn ọdún tí Bódìjà ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ igbó lásán, tí ọ̀sán Sátidé bá ti lé, ọkùnrin kì í rìn bí ọmọ Ìbàdàn mọ́. Ẹ ó rí bíríkìlà tó ya ẹsẹ̀ gbàǹgbà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, bẹ́ẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá kò gbé e rí. Ẹ ó rí akọ̀wé tó fẹ̀yìn ti òpó, tó fi fìlà bo ojú kan, tó di pákò sẹ́nu bí ẹni pé ọ̀tá rẹ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà rélùwéè. Sinimá ló fà á. Fíìmù kaobọ́ì ni wọ́n máa ń fi hàn jù, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ kò sì yé ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ òfin rẹ̀. Ẹni tó ni ìtàn là ń pè ní áktọ̀, áktọ̀ kì í sì í kú. Tí áktọ̀ bá fi kú pẹ́nrẹ́n, ẹni tó ni ilé sinimá ló máa ṣàlàyé ara rẹ̀.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń kọ́ nígbà náà, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìtajà kan, ní ìdojúkọ ibi tí ọkùnrin kan ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Nínú gbogbo àwọn tó ń ya ẹsẹ̀ rìn ní Dùgbẹ̀, tirẹ̀ ló burú jù. Ó ní akẹtẹ̀ kan tí oòrùn ti pa láwọ̀. Tí oníbàárà bá bi í pé kí ló ṣe kẹ̀kẹ́ òun, kò ní dáhùn kíá. Á kọ́kọ́ wo ọ̀nà jíjìn bí ẹni tó ń retí ogun, á fi ìka kan ti akẹtẹ̀ sókè, á wá sọ pé, "Táyà ni." Mo máa ń da orí kodò sínú aṣọ tí mò ń rán, kí n lè rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé òun ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì jáwọ́. Bí ìfẹ́ ṣe wọ inú rẹ̀, n kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn mọ̀ pé lọ́jọ́ tí kò bá yọjú, abẹ́rẹ́ a máa gún mi lọ́wọ́.

Ó tún ní iṣẹ́ kejì tó fi ń yangàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ilé sinimá méjì ló máa ń pín fíìmù kan ṣoṣo lò láyé ìgbà náà, ọ̀kan ní Dùgbẹ̀, èkejì lọ́nà Mọ́kọ́lá. Inú àwọn agolo pẹlẹbẹ ni wọ́n ń ká fíìmù sí, agolo bíi mélòó kan fún ìtàn kan. Ti Mọ́kọ́lá ló máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bí agolo kan bá ti parí níbẹ̀, òun á gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, á fi eré gbé e wá fún àwọn ará Dùgbẹ̀, á sì sáré padà lọ gbé èyí tó kàn. Nítorí náà, gbogbo fíìmù tó wọ Ìbàdàn ló mọ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń gbé agolo, kò rí ọ̀kan nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ṣe ni òun ń gbé ayé àwọn ẹlòmíì kiri lórí kẹ̀kẹ́. Mo ní kó rọra, kí ayé wọn má lọ já bọ́ sínú gọ́tà.

Nígbà tó rán alárinà wá sílé wa, ọwọ́ Ìyá àgbà ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí. Ìyá bàbá mi ni wọ́n, àwọn ló tọ́ mi. Ọmọ Òkè Àrẹ ni wọ́n, mùsùlùmí tí ìdílé wọn ti pẹ́ ní Ìbàdàn, tí kò sì dùn mọ́ wọn nínú bí bàbá mi ṣe kó wọn wá sí ẹ̀gbẹ́ Oníréké nítorí iṣẹ́ rélùwéè. Bàbá mi kì í yẹ ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá àgbà kò sọ fún alárinà pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wádìí ná.

Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń wádìí mọ̀ pé iṣẹ́ ọlọ́pàá kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà á dé ibì kan bí ẹni tó wá ra iyọ̀. Kí wọ́n tó ra iyọ̀ náà tán, wọ́n á ti mọ ẹni tó bí bàbá ẹni, àti àìsàn tó pa á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ti ìta wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n sì sọ fún mi láìgbé ohùn sókè pé ẹlẹ́wọ̀n ni ọkùnrin náà. Ó ti wà lára àwọn jàgùdà tó ń jí ẹrù èrò ní ìdíkọ̀ ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n mú un, ó ṣẹ̀wọ̀n, ó sì jáde.

Kò ṣe tuntun létí mi. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ti ṣí akẹtẹ̀ kúrò lórí kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà nìkan ni kò ya ẹsẹ̀.

"Ìyá," mo ní, "ó ti túúbá."

"Ta ló rí i?" Ìyá àgbà bi mí. "Ẹnu ni gbogbo èèyàn fi ń túúbá. Ta ló fojú ara rẹ̀ rí i?"

Mo gbé ìbéèrè náà lọ fún un lọ́jọ́ kejì, nítorí mo mọ̀ pé bí Ìyá àgbà bá fi lè sọ pé rárá, ó ti parí nìyẹn. Ó wo ọ̀nà jíjìn. Ó ti akẹtẹ̀ sókè. Ó ní, "Mo lè fi hàn wọ́n."

Mo rò pé ó fẹ́ mú àwọn ẹlẹ́rìí wá ni. Sinimá ló ní lọ́kàn. Ó ní lọ́jọ́ tí òun jáde lẹ́wọ̀n, òun kò mọ ibi tí òun lè lọ, òun sì wọ ilé sinimá. Ìtàn olè kan ni wọ́n ń fi hàn, kaobọ́ì tó dójú ti ara rẹ̀, tó wá yí padà. Òun jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi ń gbálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun lọ bẹ onílé sinimá pé kó fún òun níṣẹ́. Fíìmù náà gan-an ló tún ń bọ̀ ní Sátidé. Bí Ìyá àgbà bá rí i, wọn á mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú òun.

Mo rẹ́rìn-ín títí òwú fi yọ lójú abẹ́rẹ́. Àwọn ọkùnrin yòókù ń kó àwọn àgbààgbà ìdílé wọn wá bẹ̀bẹ̀, tèmi fẹ́ fi òyìnbó tó ń gẹṣin bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ò ṣàwàdà rárá, èmi náà bá gbé ẹ̀rín mì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Ìyá àgbà gbà. Wọ́n ní nítorí ìwádìí ni. Èmi mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé dúdú yẹn tí àwọn èèyàn fi ń pariwo bí ẹni tó ń wo ìjà. Wọ́n ní àwọn máa jókòó ti ọkùnrin náà fúnra wọn, àwọn á sì máa wò ó bó ṣe ń wo sinimá. Ìyẹn ni pé kò ní lè gbé agolo lọ́jọ́ náà. Ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́, káfíńtà tí ara rẹ̀ máa ń wúwo sí iṣẹ́, ó sì kìlọ̀ fún un títí.

Nígbà tí Sátidé dé, Ìyá àgbà kírun Àìlà, wọ́n da ìborùn bo orí, wọ́n mú tẹ̀sùbáà dání, a sì jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní àárín ilé sinimá. Ọkùnrin náà wọ bùbá funfun tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ dáadáa, ó sì gbé ọwọ́ lé orúnkún bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ fá lórí. Kò dé akẹtẹ̀, fìlà ló dé. N kò tíì rí i kó jọ ọmọ ẹnì kan tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ni bàbá rẹ̀?" Ìyá àgbà bi í, nígbà tí olè inú sinimá náà kọ́kọ́ yọ lórí ẹṣin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Wọn ò sọ, Ìyá."

"Wọn ò sọ? Ó gẹṣin wọ ìlú onílùú, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé ọmọ ta ni? Ibẹ̀ ni nǹkan ti kọ́kọ́ bà jẹ́ yẹn."

Àwọn tó wà níwájú wa yíjú padà wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀kan sì ní òótọ́ ni ìyá wí. Láti ìgbà náà ni Ìyá àgbà ti di ògbufọ̀ wa. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí àwọn èèyàn yẹn fi ń mutí lórí ìdúró. Wọ́n ní nínú gbogbo àwọn tí àwọn ti rí, ẹṣin nìkan ló ní làákàyè. Nígbà tí agolo àkọ́kọ́ parí tí wọ́n fi èkejì sí i, a rí olè náà lórí ibùsùn ní ilé opó kan, tó fara gbọgbẹ́. Mo ronú pé ìgbà wo ló ti gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúró rò ó. Opó náà ń tọ́jú rẹ̀. Ara rẹ̀ yá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í la igi fún un, ó ń pọnmi. Lọ́jọ́ kan, ó mú ìbọn rẹ̀, ó gbẹ́lẹ̀, ó sì sin ín bí ẹni tó ń sin òkú. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà fi etí ìborùn nu ojú. Wọ́n yíjú sí ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n wò ó pẹ́, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ sọ nǹkan. Inú mi dùn débi pé mo di bẹ́ǹṣì mú.

Wọ́n wá fi agolo kẹta sí i. Olè náà tún yọ, lórí ẹṣin, pẹ̀lú ìbọn tó sin. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wọ báńkì, ó da ìbọn bo àwọn èèyàn, ó fi ẹsẹ̀ ta bàbá arúgbó kan dànù, ó sì gbé àpò jáde.

Àwọn tó wà níwájú wa bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé.

"Ẹ ò rí i," Ìyá àgbà wí. "Ó ti padà sídìí ẹ̀."

"Ìyá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí," ọkùnrin náà sọ, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Èyí ló yẹ kó ṣáájú. Agolo ló ṣì. Ibẹ̀ ló ti gbọgbẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ opó."

"Agolo," Ìyá àgbà wí. "Bó o bá ti fẹ́ ọmọ mi tán, tó o wá tún jalè, ìwọ náà á ní agolo ló ṣì."

Kí n tó mọ̀, àwọn èèyàn ti dìde, wọ́n ń lu bẹ́ǹṣì, wọ́n ní wọ́n ti fi áktọ̀ àwọn ṣẹlẹ́yà. Wọ́n tan iná. Ẹnu ọ̀nà ni káfíńtà dúró sí, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti rò pé òun gbọ́n. Agolo méjì ló kó lẹ́ẹ̀kan náà kó má baà gun òkè Mọ́kọ́lá lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣubú lójú ọ̀nà, àwọn agolo yí gbirigbiri, ó ṣà wọ́n bó ṣe rí wọn. Àwọn géńdé kan ti di aṣọ rẹ̀ mú lọ́rùn.

Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa fẹ́ dìde. Ìyá àgbà di apá bùbá funfun náà mú.

"Jókòó," wọ́n wí. "Ibi ìjà lo fẹ́ lọ yẹn. Bó o bá dìde báyìí, má wulẹ̀ rán alárinà kankan wá mọ́."

Ó wo Ìyá àgbà, ó wò mí. N kò mọ ohun tí ojú mi sọ fún un; ìbẹ̀rù ló wà nínú mi, kò sí nǹkan mìíràn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín bẹ́ǹṣì méjì, lórí ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ti da èèpo ẹ̀pà sí. "Ẹ má bínú, Ìyá," ó wí. Ó rọra yọ apá rẹ̀, ó sì lọ.

Mo rò pé ó ti tán. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń bínú sí i, mò ń bínú sí káfíńtà, mò ń bínú sí gbogbo òyìnbó tó mọ ẹṣin í gùn.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ sáàárín àwọn géńdé náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ẹ fi í sílẹ̀," ó ní. "Iṣẹ́ mi ni. Èmi ni mo gbé e fún un. Èmi ni kẹ́ ẹ bá wí."

"Ta nìyí?" ẹnì kan pariwo. "Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ìdíkọ̀ yìí náà kọ́?" Ó sì fọ́ ọ létí, fìlà rẹ̀ fò lọ.

Gbogbo Dùgbẹ̀ ló mọ ohun tí ọwọ́ ẹni tí wọ́n gbá létí yẹn lè ṣe. Àwọn tó wà nítòsí ti ń sún sẹ́yìn. Èmi gan-an rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe gbéra. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn iyanrìn rẹ̀ dànù, ó sì fi dé orí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ó wí. "A máa tún un fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀, bó ṣe yẹ." Ó gba agolo tó kù lọ́wọ́ káfíńtà, ó sì gùn lọ sí iyàrá òkè tí ẹ̀rọ wà. Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," mo sọ, mo sì dìde.

"Lọ sí ibo?" Ìyá àgbà wí. "Mo fẹ́ mọ ibi tí ọmọ yẹn parí sí." Wọ́n jáde lọ kírun Alásárì ní àgbàlá ẹ̀yìn, wọ́n padà wọlé, wọ́n sì jókòó.

A wò ó bó ṣe yẹ. Olè náà jalè kó tó gbọgbẹ́, ó gbọgbẹ́ kó tó túúbá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ wá láti wá kó ìlú opó náà, òun nìkan ló jáde pàdé wọn. Ó lé wọn lọ, ìbọn sì bà á, ó kú sí apá opó náà bí wọ́n ṣe ń kọrin ìsìnkú lábẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí òfin áktọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́, mo sunkún. Àwọn géńdé tó ti fẹ́ jà ń sunkún pẹ̀lú, wọ́n ń díbọ́n pé èéfín sìgá ló wọ àwọn lójú. Ìyá àgbà nìkan ni kò sunkún. Ṣe ni wọ́n káwọ́ lẹ́rán.

Ìta la ti bá ọkùnrin náà, nídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan sì ti wú. Kò wo ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Kí ló dé tí wọ́n fi pa á?" Ìyá àgbà bi í.

"Ìyá, ó fi ẹ̀mí rẹ̀ san gbèsè gbogbo ohun tó ti ṣe ni."

"Ọ̀lẹ ni wọ́n," Ìyá àgbà wí. "Ẹni tó túúbá tó sì kú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ta ló máa rí i wò? Kí wọ́n jẹ́ kó jí ní Mọ́ńdè. Kí opó yẹn rán an lọ sọ́jà. Kí nǹkan sọnù nílùú, kí gbogbo wọn sì máa wò ó. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n fi hàn mí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tan iná." Wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Wọ́n gbá ọ létí, mo rí i. Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí gan-an, Ìyá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a padà."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Kò purọ́," wọ́n wí, bí ẹni tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wá kọjú sí mi, ẹ̀rín náà sì ti lọ.

"Nǹkan á sọnù ní àdúgbò yín lọ́jọ́ kan," wọ́n wí. "Ó lè jẹ́ ewúrẹ́, ó lè jẹ́ aṣọ. Gbogbo ilé á yíjú sí i. Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà á wò ó?"

"Mi ò ní wò ó, Ìyá."

"Má yára dáhùn. Mágáríbì ti ń lé bọ̀, jẹ́ ká máa lọ." Bí a ṣe ń lọ, wọ́n sọ láìwẹ̀yìn pé kí alárinà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nígbà tí a ṣègbéyàwó, a gba yàrá kan ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní Challenge lónìí, níbi tí oko ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Èrò pọ̀ nínú ilé náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ké jáde pé òun kò rí ìró òun tó dára jù, tí òun sá sórí okùn. Gbogbo ènìyàn jáde. Lẹ́yìn náà, mo rí ojú wọn tó ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà wa.

Ibẹ̀ ni ọkọ mi lóṣòó sí, ó ti rọ́bà inú táyà bọ inú bàsíà omi láti wá ibi tó ti jò. Ó ti gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi. Èmi ń bẹ iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ọrùn mi sì ti fẹ́ máa yí lọ fúnra rẹ̀, láìbi mí léèrè. Mo di í mú. Kò rọrùn. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo bá obìnrin náà lọ wá aṣọ rẹ̀. Atẹ́gùn ti gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, adìyẹ kan sì ti tẹ́ ẹ sùn.

Nígbà tí mo padà dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú omi náà.

"O ò wò mí," ó ní.

"Aṣọ ni mò ń wá," mo dá a lóhùn, mo sì mú iṣu mi.

Ó da orí kodò, omijé sì ń kán sínú bàsíà. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n bẹ́ẹ̀. Mo ní kó rọra o, kó má lọ fi ẹkún da omi rú, kò ní rí ibi tí táyà ti jò.